Mitigation, Ẹ̀rọ̀ àti Ìdáríjì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan ní Kàdúná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ẹni tí ó bá ro òwe yìí dáadáa yóò rí i pé kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Ìbáwí wà níbẹ̀, ọwọ́ òsì kò sì pa iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ́. Ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ìbáwí náà ṣeé fara dà. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mitigation gan-an nìyí, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa: ìtumọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, àti ìtàn tí ó ní ní ìlú Kàdúná níbi tí a wà yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ kò dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń kọ ọ́ sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì pé òṣì tàbí àìsí ìwé “mitigate against” ẹ̀kọ́. Àṣìlò pátápátá ni. Militate ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun kan ń gbógun ti òmíràn. Inú èdè Látìn ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ baba kan náà. Miles, tí í ṣe ọmọ ogun, ni ó bí militate. Mitis, tí í ṣe ohun tí ó rọ̀, ni ó bí mitigate. Ní àdúgbò Mando tí mo ń gbé, tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí ó wà ní Afaka kò jìnnà sí wa, kò yẹ kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ ogun àti ohun rírọ̀.

Ohun tí ó rọ̀! Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Bí ìjì bá ń jà tí ó wá dẹwọ́, a ní ìjì rọlẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn tí ìrora náà wá dín kù, a ní ó rọ̀ díẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, a máa ń rọ̀ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè rọ̀. Ìró kan náà ni a fi ń pe ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ ẹ́ àti ipò tí a fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wà. Omi ara ìgbín, omi ẹ̀rọ̀ ni àwọn àgbà ń pè é, wọ́n sì ń lò ó nínú ètùtù. Ètùtù fúnra rẹ̀, láti ara “tù” ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń tu ẹni tí ọ̀ràn dùn nínú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí ó sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Orí tí ó rọ̀ kò tí ì san tán. Ìjì tí ó rọlẹ̀ ti wó ilé kí ó tó rọlẹ̀.

Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé náà ní tiwọn. Mando wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Kàdúná níbi tí ọ̀nà Birnin Gwari ti gba jáde lọ sí Tegina, Mokwa àti Jẹ́bà, títí ó fi dé Ìlọrin àti Èkó. Gáréèjì tí ó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ìjà kì í wọ́n. Bí ọkọ̀ kan bá gbá òmíràn, Haúsá á ní “a yi haƙuri”, ìyẹn ni pé kí a ṣe sùúrù. Yorùbá á ní “ẹ jẹ́ kó rọ̀”. Bí a bá sì béèrè àlàáfíà aláìsàn lọ́wọ́ Haúsá, á ní “da sauƙi”, ó ti fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò: sassauci. Dídẹ ohun tí ó le, mímú ohun tí ó wúwo fúyẹ́, ni sassauci. Èmi kò tí ì gbọ́ kí Haúsá kan fi ọ̀rọ̀ yìí rọ́pò gafara tàbí afuwa, tí í ṣe ìdáríjì. Ní ti àwa Yorùbá, a máa ń da méjèèjì pọ̀. Bí a bá gbọ́ ọ lórí rédíò pé agbẹjọ́rò kan bẹ adájọ́ kí ó mú ìjìyà oníbàárà rẹ̀ rọ̀, a ó ní, “Ó ní kí wọ́n dárí jì í.” Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìlò kejì tí ọ̀rọ̀ yìí ní kò la ti kóòtù lọ, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ètò nípa àgbàrá, ọ̀gbàrá ilẹ̀ àti ọ̀dá máa ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, nítorí odò náà ti ṣọṣẹ́ ní 1978. Kò sì jẹ́ ìgbẹ̀yìn fún ìlú Ìbàdàn, nítorí àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ àgbàrá ní Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún òjò pé kí ó má rọ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a la ojú odò, kí a má kọ́ ilé sí etí rẹ̀, kí a tún afárá ṣe, kí òjò náà bá wa ní ìmúrasílẹ̀. Òjò ṣì jẹ́ òjò, ṣùgbọ́n ọṣẹ́ rẹ̀ rọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ti rí ní kóòtù: ẹ̀ṣẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ ni ó rọ̀.

Ìtàn tí mo ṣèlérí nìyí. Kàdúná kì í ṣe ìlú àtijọ́ bí Zaria tàbí Kano. Ìjọba Lugard ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1913, tí ó sì di olú ìlú Àríwá dípò Zungeru. Ìlú tí a kọ́ nítorí iṣẹ́ ìjọba ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pinnu irú òfin tí yóò de ènìyàn láti Sókótó títí dé Ìlọrin, tí ó fi kan àwọn Yorùbá Ọ̀fà àti Kàbà.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, òfin Maliki ni àwọn alkali ń tẹ̀lé ní àwọn ìlú Àríwá tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀. Nínú òfin yẹn, bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnì kejì, ọwọ́ àwọn ajogún olóògbé ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n lè ní kí a pa apànìyàn náà. Wọ́n lè gba owó ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sì lè fi jì í pátápátá. Ẹ wo bí èyí ti jọ àṣà tiwa, níbi tí ẹbí ẹlẹ́ṣẹ̀ ti ń kó àgbà sẹ́yìn lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà kò lọ sọ́dọ̀ adájọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń sunkún ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ajogún bá ta kú pé ẹ̀mí ni àwọn yóò gbà, ìmúnibínú kò fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan. Pé olóògbé ni ó kọ́kọ́ bú ẹni tí ó pa á, tàbí pé ó mú un bínú kọjá ohun tí ara lè gbà, kò yí ìdájọ́ náà padà.

Òfin ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá sí Àríwá ní 1904, tí wọ́n sì tàn káàkiri Nàìjíríà ní 1916, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tiwọn, ẹni tí a mú bínú lójijì, tí ó pa ènìyàn kí ìbínú náà tó rọlẹ̀, kò jẹ gbèsè ikú. Ẹ̀wọ̀n ni ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà òṣùwọ̀n méjì wà ní ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tí ó fi igi lu ẹnì kejì rẹ̀ pa nínú ìjà òjijì. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí iwájú adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n kí ó sì padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ilé ẹjọ́ ọba, tí ẹbí olóògbé sì kọ̀, wọn a pa á. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà, igi kan náà. Ibi tí wọ́n gbé e lọ ni ó pinnu bóyá yóò yè.

Ní 1947 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sí gbangba. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní Gwandu ti dájọ́ ikú fún Tsofo Gubba, a sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé níbi tí ìwé òfin ọ̀daràn bá ti ní ohun tí ó sọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, òun ni ó gbọdọ̀ borí. Àwọn kan yọ̀ sí ìdájọ́ yìí. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ àwọn ọba àti onímọ̀ Mùsùlùmí kò dùn, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi nítorí rẹ̀: lójú wọn, òfin Ọlọ́run ni a fi òfin àjèjì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Awuyewuye náà kò tán ní ọdún náà, kò sì tán ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òmìnira ń súnmọ́ tòsí, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní Àríwá náà ń bẹ̀rù irú òfin tí yóò dè wọ́n. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1957 láti wádìí ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, gbọ́ ohùn wọn.

Ní 1958 ni ìjọba Sir Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà. Adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, Syed Muhammad Abu Rannat, ni alága wọn. Muhammad Sharif, tí òun náà jẹ́ adájọ́, wá láti Pakistan, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. N. D. Anderson, ẹni tí ó mọ òfin Ìsìláàmù ní Áfíríkà dunjú, wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ Àríwá tí ó wà níbẹ̀ ni Shettima Kashim, tí ó padà di gómìnà Àríwá ní 1962. Peter Achimugu, ọmọ Igala. Àti Musa Othman, alkali àgbà ti Bida. Kàdúná ni wọ́n jókòó sí. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí Àríwá ní ìwé òfin ọ̀daràn kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, kí a sì fi ti Sudan ṣe àwòkọ. Òfin Sudan náà, ti 1899, ara òfin Íńdíà ti 1860 ni ó ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn amòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn ará Íńdíà ṣe gba Khartoum kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìrìn àjò ọ̀rọ̀ a máa gùn ju ti ènìyàn lọ.

A ṣe òfin náà ní 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ku ọ̀la. Ẹsẹ mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ó kàn wá. Ẹsẹ 221 sọ ìpànìyàn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ẹsẹ 222 sọ ìpànìyàn tí ìjìyà rẹ̀ kì í ṣe ikú, ohun tí ó sì kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni ti ẹni tí ìmúnibínú òjijì tí ó le gba ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ 224 wá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún tí kò tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó san owó ìtanràn, tàbí kí ó ṣe méjèèjì. Ẹ kíyè sí bí ilẹ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀wọ̀n gbére àti owó ìtanràn ti fẹ̀ tó. Inú ilẹ̀ fífẹ̀ yẹn ni agbẹjọ́rò ti ń rí àyè ṣiṣẹ́.

Nítorí pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ̀ ń gbà wọ ẹjọ́, wọn kò sì jọ ara wọn. Èkíní ń wọlé kí a tó dájọ́: ìmúnibínú tí ẹsẹ 222 sọ máa ń yí orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà padà. Èkejì ń wọlé lẹ́yìn tí adájọ́ ti ní ẹni náà jẹ̀bi, nígbà tí a bá bi í pé kí ni ó ní láti sọ kí a tó ka ìjìyà rẹ̀. Nígbà náà ni agbẹjọ́rò yóò dìde, tí yóò ní ọmọdé ni oníbàárà òun, tàbí pé kò dẹ́ṣẹ̀ rí, tàbí pé ó ti jẹ́wọ́ kò sì fi àkókò ilé ẹjọ́ ṣòfò, tàbí pé òun nìkan ni ó ń bọ́ ìyá arúgbó. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ dídùn yìí lè gba ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí a bá ti dá lẹ́bi lábẹ́ ẹsẹ 221, bí agbẹjọ́rò rẹ̀ sunkún ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ adájọ́ ti di. Ikú nìkan ni òfin fún un láṣẹ láti kà. Ohun tí ó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí kòtẹ́milọ́rùn, ni àánú gómìnà, èyí tí ẹsẹ 212 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún un ní agbára láti ṣe. Gómìnà lè dárí jì í, ó sì lè sọ ikú di ẹ̀wọ̀n. Ìdáríjì ń bẹ níbẹ̀, lọ́wọ́ gómìnà. Kò sí lọ́wọ́ adájọ́.

Kí ni èyí kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá? Ó kàn wá gidigidi. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó wà ní Kàdúná àti ní àwọn ìlú Àríwá mìíràn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti fi ro ẹjọ́, tí Haúsá wọn kò sì ju ti ọjà lọ. Ògbufọ̀ ni yóò gbọ́ fún wọn. Ká ní adájọ́ béèrè ohun tí yóò mú ìjìyà rọ̀, tí ògbufọ̀ sì sọ ọ́ di “Ǹjẹ́ o fẹ́ kí wọ́n dárí jì ọ́?”, kí ni ẹni náà yóò dáhùn? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó gbà pé òun kò jẹ̀bi, yóò bínú, yóò ní òun kò ṣe ohun kan tí a ó fi jì òun, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tí adájọ́ yóò fi wò ó ni ojú ẹni tí kò ronú pìwà dà. Kò ní rántí sọ pé òun kò dé kóòtù rí láyé òun. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ètò ẹjọ́ ọ̀daràn sọ pé kí adájọ́ má ṣe fún ẹni tí ó ń ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìjìyà tí ó ga jù lọ. Ìpínlẹ̀ Kàdúná náà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ètò ẹjọ́ ọ̀daràn ní 2017. Ọ̀rọ̀ kan tí a túmọ̀ láìbìkítà lè sọ ọdún méjì di ọdún méje.

Àwọn kan yóò ní “ẹ̀bẹ̀” ti tó fún un. N kò gbà. Ẹ̀bẹ̀ ni ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀rọ̀ ni ohun tí ó ń wá. Ènìyàn lè bẹ̀bẹ̀ títí kí ìjìyà rẹ̀ má rọ̀, ìjìyà sì lè rọ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀ rárá, bí òfin bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. “Ìdínkù” sàn díẹ̀, ó sì bá ti àgbàrá àti ọ̀dá mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ó gbẹ. Bí a bá ń pe mitigation ní “ìmúrọ̀”, tí a sì ń pe ohun tí agbẹjọ́rò ń sọ lẹ́yìn ìdájọ́ ní “ẹ̀bẹ̀ ìmúrọ̀”, ó bá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà mu nínú èdè Látìn, ó bá sassauci àwọn Haúsá mu, ó sì bá omi ìgbín àwọn baba wa mu.

Láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá, bẹ̀rẹ̀ láti Zamfara ní ọdún 2000, ti ń dá òfin Ṣẹ́ríà padà, ẹ̀tọ́ àwọn ajogún olóògbé láti gba ẹ̀mí, láti gba owó ẹ̀jẹ̀ tàbí láti fi jini ti tún wọ ìwé òfin ní àwọn ibì kan. Nítorí náà, ní òní, Yorùbá kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní Àríwá lè dé ibi tí a ó ti bi í ní ìbéèrè méjì tí ó yàtọ̀ pátápátá. Ní ilé ẹjọ́ kan, ẹbí olóògbé ni a óò bi pé, “Ṣé ẹ fi jì í?” Ní ilé ẹjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni a óò bi. Ògbufọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ ìbéèrè kejì yìí ní èdè tí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà lè gbọ́: “Wọ́n ti ní o jẹ̀bi. Ìjìyà ń bọ̀. Kí ni o ní láti sọ tí yóò mú un rọ̀?”